Ọkọ mi ní òun ò ní ta oorun òun ní £5: ẹ bá mi dá sí i

Àbíkẹ́_Dagenham | 4 Oṣù Kẹwàá 2025

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù alẹ́ dé ni. Ó rẹ̀ mí dé eegun, àmọ́ oorun ò wá, torí ọ̀rọ̀ yìí ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá ké ewì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún mi nípa iṣẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí.

Èmi àti ọkọ mi wà ní Dagenham, ní London níbí. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́fà, ìkejì jẹ́ mẹ́ta. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọkọ mi wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan títí di oṣù kẹta ọdún yìí tí wọ́n dín èèyàn kù. Ìgbà yẹn la kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, torí ọdún tó kọjá ni ìwé ìgbélùú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di èyí tó gbà wá láyè. Ṣáájú ìyẹn, ọdún márùn-ún gbáko la fi wà lórí ìwé tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" sí, ìyẹn ni pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. A ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, a ò sì kú.

Ní báyìí, ilé ìṣebúrẹ́dì kan ti pe ọkọ mi. Iṣẹ́ òru ni, wákàtí 30 lọ́sẹ̀, £12.21 ní wákàtí. Ó jókòó, ó mú àpòòwé kan, ó dojú ẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Tí wọ́n bá yọ owó orí tán, bí £1,430 ló máa mú wálé lóṣù. Universal Credit á wá yọ 55 pẹ́nsì lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, torí owó tèmi ti jẹ iye tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fúnni tán. £787 ti lọ. Ó ku £643. Ó pín in sí wákàtí 130 tó máa fi ṣiṣẹ́ lóṣù, ó bọ́ sí £4.95. Ó gbé báírò sílẹ̀, ó ní, "Àbíkẹ́, ṣé oorun mi ni kí n máa tà ní £5?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ̀.

Ohun tó wá gún mi lọ́kàn nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin gbé fóònù ìṣeré sétí, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga bíi bàbá rẹ̀, ó ń bá ẹni tí mi ò mọ̀ sọ̀rọ̀: "Ṣé ó ti wọlé? Kò tíì wọlé?" Mo bi í pé kí ló fẹ́ wọlé. Ó ní, "Owó wa ni. Ọjọ́ 27 ni." Ọmọ ọdún mẹ́fà o! Kò mọ ọjọ́ ìbí mi, ó mọ ọjọ́ 27.

Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ, kí ẹ má gbọ́ mi sódì. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń se ọbẹ̀ kí n tó jí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an.

Gbẹ̀gírì | 4 Oṣù Kẹwàá

Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ òru, ọkùnrin jókòó sílé ó ń ṣírò. Alápámáṣiṣẹ́ lórúkọ ẹ̀. Kò sí ìtumọ̀ míì.

ÌyáÀrẹ̀mú | 4 Oṣù Kẹwàá

Gbẹ̀gírì, padà sínú abọ́ rẹ jọ̀ọ́, àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀.

Àkànjí_Manchester | 4 Oṣù Kẹwàá

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ọkọ yín ò purọ́. Títí di ìparí 2021 pàápàá, 63 pẹ́nsì ni wọ́n ń yọ lórí pọ́n-ùn kan, kí wọ́n tó dín in kù sí 55. Ẹ wá wo èyí: ẹni tó lówó jù nílẹ̀ yìí, 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí tó ga jù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi èékánná wá inú kòtò jáde ni wọ́n ń yọ 55 lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bá àwọn kan jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní mò ń gbè sẹ́yìn ọ̀lẹ.

Àmọ́ ẹ̀yìn àpòòwé kéré, kò gba gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá kọjá £10,000 lọ́dún, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì, kó sì fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó kéré tán. Ìyẹn ò sí nínú £4.95. (Ní ti owó ìfẹ̀yìntì ìjọba fúnra rẹ̀, tó ń fẹ́ ọdún 35 kó tó pé, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín: ẹni tó wà lórí Universal Credit ń rí ọdún tirẹ̀ kà.) Bí ẹ bá sì gba ẹni tó máa tọ́jú àwọn ọmọ nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà níbi iṣẹ́, wọ́n lè dá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ padà fún yín, kó ṣáà ti jẹ́ ẹni tó níwèé àṣẹ.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́. Bí owó tí ẹ fi pamọ́ bá kọjá £6,000, wọ́n á máa yọ £4.35 lóṣù lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Bó bá kọjá £16,000, Universal Credit ti parí nìyẹn. Àjọ tí ẹ kó, ó wà níbẹ̀. Ilé tàbí ilẹ̀ ní Nàìjíríà tí ẹ ò gbé inú rẹ̀, ó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bíi pé òkun ti gbé pùlọ́ọ̀tì wa mì tí a bá ti dé iwájú fọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó dáadáa: owó yìí á bọ́ yín, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹ ní nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń di èèyàn mú.

Àbíkẹ́_Dagenham | 4 Oṣù Kẹwàá

Àkànjí, o ṣeun. Pùlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo la ní ní Akọ́bọ̀, a sì ti kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo fẹ́ yọ ọ́ dànù, ọkọ mi ló ní àfi ká sọ ọ́. Ẹ ò rí i pé olóòótọ́ ni?

ÌyáÀrẹ̀mú | 5 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ sọ tèmi kí ọ̀rọ̀ tó di "àwọn tó ń jẹ owó ìjọba", torí èmi náà ń jẹ ẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 11, ó ní ọtísíìmù, kì í sọ̀rọ̀. Aago mẹ́ta òru ló máa ń jí. Á kó gbogbo bàtà ilé, á tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Bí ẹ bá ṣèèṣì sún ọ̀kan níbẹ̀, ẹkún ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ti kọ́ bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán jáde lọ da ilẹ̀ nù kí n má baà sún bàtà.

Owó tí wọ́n ń fún mi ni Carer's Allowance, £83.30 lọ́sẹ̀ ní ọdún 2025 yìí. Kí ẹ tó lè gbà á, ẹ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹni náà fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ pín in. £2.38 ni. Ọkọ Àǹtí Àbíkẹ́ tó ń bínú sí £5 ti là.

Mo gbìyànjú láti máa ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní ilé ìdáná kan, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí owó iṣẹ́ bá kọjá £196 lọ́sẹ̀ ní ọdún 2025 yìí, wọn kì í yọ díẹ̀díẹ̀ bíi ti Universal Credit, odindi rẹ̀ ló lọ. £196 àti pẹ́nì kan, ó tán. Ṣe ni mò ń bẹ ọ̀gá pé kó má fi wákàtí kún tèmi. Ǹjẹ́ ẹ ti bẹ ọ̀gá rí pé kó má fi owó kún owó yín? Ojú tì mí bí olè.

Níbi ayẹyẹ kan, ìyá kan bi mí pé, "Kí lo ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́?" Mo ní mò ń sinmi. Ó gbà á gbọ́.

Gbẹ̀gírì | 5 Oṣù Kẹwàá

Màmá, mi ò sọ̀rọ̀ tiyín. Tiyín yàtọ̀.

ÌyáÀrẹ̀mú | 5 Oṣù Kẹwàá

Wọn ò kọ "mo yàtọ̀" sí mi níwájú orí. Ẹni tó bá rí mi lójú títì láago 11 òwúrọ̀, kí ló máa pè mí?

Láyí_ÒkèÀdó | 6 Oṣù Kẹwàá

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, torí pé àwa náà ní bẹ́nẹ́fíìtì tiwa níbí.

Kì í ṣe ti ìjọba. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, wọ́n ní ilé mílíọ̀nù 15 á gba ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀lẹ, ti oṣù kan kò tó ra ìrẹsì àpò kan. Ìjọba tiwa ni ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun.

Tèmi wà ní Coventry. ₦150,000 ló ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, ọdún mẹ́rin gbáko. Owó oṣù tí òfin ní kó kéré jù ní Nàìjíríà láti 2024 jẹ́ ₦70,000, ẹ wá fi wé e. Tí wọ́n bá pè mí síṣẹ́ ₦80,000, ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín. Ìṣirò ọkọ Àǹtí Àbíkẹ́ gan-an ni mò ń ṣe, mi ò kàn ní àpòòwé ni. Mo gbéyàwó lórí owó yẹn. Mo bímọ lórí rẹ̀. Mo jẹ alága ẹgbẹ́ lórí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé wọ́n ti dín wákàtí òun kù níbi iṣẹ́, pé òun ò lè fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fi dáhùn? Mi ò bi wọ́n pé báwo lara ṣe rí. Mi ò bi wọ́n pé kí ni àwọn ọmọ ń jẹ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba ayé mi jẹ́." Ohùn náà ṣì wà lórí fóònù mi. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí n tún un gbọ́, kí ojú lè tì mí dáadáa.

Mo ń ṣe POS báyìí, mo sì ń ta káàdì. Kò tó ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mi ò sì ní purọ́ pé mo láyọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Oòrùn ń pa mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, àwọn oníbàárà ń bú mi tí netiwọ́ọ̀kì ò bá lọ. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè báyìí, mo lè bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun.

BàbáÀgbà_Peckham | 7 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìka mi ò yá lórí fóònù, ẹ fi sùúrù bá mi lọ.

1974 ni mo dé ìlú yìí. Aago mẹ́rin àárọ̀ ni mo máa ń wà ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ní City, mò ń fi ìgbálẹ̀ gbá abẹ́ tábìlì wọn. Ní ọ̀sán, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Alẹ́, mo ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan. Ìyàwó mi, Ọlọ́run bá mi dẹlẹ̀ fún un, ń ránṣọ nínú yàrá kan ṣoṣo tí a háyà. A ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a sì máa ń fi í yangàn.

Ó dáa. Ọmọ wa ńkọ́? Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbí ló ń gbé ọmọ fún òyìnbó tọ́, a ó sì máa sanwó fún wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé ìròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Nursery World, inú rẹ̀ la ti ń kéde pé a ń wá ẹni tó máa bá wa tọ́mọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àkọ́bí wa nígbà tí a gbé e lọ sí Kent. Ọjọ́ Àìkú la máa ń lọ wò ó, ìyẹn tí owó ọkọ̀ ojú irin bá wà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo parí ẹ̀kọ́, a lọ mú un wálé. Mo na ọwọ́ sí i. Ó sá sẹ́yìn yẹ̀rì obìnrin yẹn, ó ní, "Ta ni ọkùnrin dúdú yìí?"

Ọmọ náà ti pé 50 ọdún. A ń kí ara wa dáadáa. Bí èèyàn ṣe ń kí àlejò ni.

Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ pé iṣẹ́ ló ń tún ilé ṣe, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Iṣẹ́ jẹ ọmọ mi. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún wa, gbogbo èèyàn ń pè wá ní akínkanjú.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ibi tí owó yìí ti wá, torí mo rí i pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Beveridge ló kọ ìwé rẹ̀ ní 1942. Ó ka òmìrán márùn-ún tó yẹ kí ìlú bá jà: Àìní, Àrùn, Àìmọ̀kan, Ẹ̀gbin, Ìmẹ́lẹ́. Ìmẹ́lẹ́ tó ń wí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Àìríṣẹ́ṣe ló ń bá jà. Nígbà tí owó ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1946, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ láti orí ọmọ kejì sókè, ìyá ni wọ́n ní kí wọ́n san án fún. Ẹ bi ara yín nínú ilé, ọwọ́ ta ni tiyín ń bọ́ sí? Ọ̀pọ̀ ìjà tí ẹ ń pè ní ìjà iṣẹ́, ibẹ̀ ló wà.

Nílé bàbá mi, àáró ni wọ́n ń dá. Lónìí, oko mi, lọ́la, oko rẹ. Bí ẹnìkan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n á bá a ro tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ka ebè fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò yọjú sóko ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó máa bú u. Wọn ò kàn ní yọjú sí tirẹ̀ ni.

Àbíkẹ́ ọmọ mi, kí ni ọkọ rẹ ń ṣe nílé kí ẹ tó wá?

Àbíkẹ́_Dagenham | 7 Oṣù Kẹwàá

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ka tiyín fún un, ó dìde lọ síta.

Báńkì ló wà. Ọdún mẹ́sàn-án. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan ń pè é ní "Ọ̀gá wa" títí di òní lórí Facebook. Ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún 22 lọ ló máa ń wo aago tí ọkọ mi bá lọ sí ilé ìtọ̀. Kò sọ ọ́ fún mi rí, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́.

Mo ń rò ó pé bóyá kì í ṣe £5 ló ń bá a jà.

BàbáÀgbà_Peckham | 7 Oṣù Kẹwàá

Ìyẹn ni kí ẹ sọ. Ẹ fi àpòòwé sílẹ̀.

Gbẹ̀gírì | 8 Oṣù Kẹwàá

Ẹ má bínú sí mi. Mo sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi níbẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ò níṣẹ́ láti oṣù kẹfà, ìyàwó mi ló ń gbé ilé ró, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ní àdúgbò. Mo máa ń wọṣọ jáde láàárọ̀.

ÌyáÀrẹ̀mú | 8 Oṣù Kẹwàá

Ah. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Níbo ni ẹ máa ń lọ?

Gbẹ̀gírì | 8 Oṣù Kẹwàá

Ilé ìkàwé ìlú. Ó móoru níbẹ̀.

Àkànjí_Manchester | 8 Oṣù Kẹwàá

Ẹ kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, ibi iṣẹ́ wa ń wá èèyàn. Kì í ṣe iṣẹ́ gidi kan o, ẹrù ni wọ́n ń dì.

Kí n tó gbàgbé: ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí ìwé tó ní kí ẹ má fọwọ́ kan owó ìjọba, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín lọ forúkọ sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Owó ọmọ pàápàá wà lára rẹ̀. Ìjọba sì ti gbé ìwé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 yìí pé àwọn fẹ́ kí ọdún 5 tí a fi ń dúró de ìwé ìgbélùú di 10. Ẹ ṣọ́ra.

Àbíkẹ́_Dagenham | 30 Oṣù Kọkànlá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí fún Bàbá ní kọ̀rọ̀ pé màá padà wá jábọ̀.

Ó gba iṣẹ́ náà. Kò gbà á nítorí ohun tí a sọ níbí o, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yín. Ó sọ fún wọn pé òru mẹ́ta lòun lè ṣe, wọ́n gbà. Èmi náà bẹ ọ̀gá mi kó gbé òru mi méjì bọ́ sí ọ̀sán, kí àwọn ọmọ má baà sùn nílé láìsí ẹnikẹ́ni. Owó tó lé lóṣù àkọ́kọ́ kò tó ohun tó kọ sẹ́yìn àpòòwé, ó sì fi í hàn mí, ó ní, "Ṣé o rí i?" Mo ní mo rí i.

Kò fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Aago méje àárọ̀ ló ń wọlé, ìyẹ̀fun á ti gbẹ mọ́ ọn níbi irun ojú, á jókòó sórí àtẹ̀gùn tú okùn bàtà bí ẹni pé bàtà náà jẹ ẹ́ lówó. A ti jó ẹ̀wà nígbà méjì, kálukú rò pé ẹnì kejì ló ń ṣọ́ ọ. Ìjà tí a jà lórí ìkòkò yẹn ju gbogbo ìjà Universal Credit lọ. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìṣirò owó kan, ó fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń ṣe bíi pé mi ò rí i.

Ní ti ọmọ mi ọkùnrin, ó ṣì ń gbé fóònù ìṣeré sétí. Ó ti fi ọjọ́ 14 kún ọjọ́ 27 ni, torí ọjọ́ 14 ni owó iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń wọlé.

Ohun tó gbé mi wá gan-an lónìí: ta ló mọ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ní agbègbè Becontree, tó gbọ́ Yorùbá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́?

ÌyáÀrẹ̀mú | 30 Oṣù Kọkànlá

Àbúrò mi obìnrin wà ní Chadwell Heath, ó níwèé àṣẹ, ó sì máa ń já rísíìtì, torí 85 tí Àkànjí wí yẹn. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ pè é lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ọmọ ẹlẹ́ni mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.